Ilé Tẹlifóònù Àtijọ́ ní Iléṣà Di Ilé Ìtẹ̀wé

Ìwé ètò tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ pín níbi ọdún Ìwúdé, ẹ̀dà 200 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú-ìwé 16, ni mo gbé lọ tẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà ṣì ń pe ilé náà ní ilé tẹlifóònù, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń so ẹni tó ń pè mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè wà láyé NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, kí fóònù alágbèéká GSM tó wọlé ní ọdún 2001, tí àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa fóònù orí tábìlì tì.

Ẹni tó sọ ọ́ di ilé ìtẹ̀wé mọ ìwúlò ohun tó bá níbẹ̀, ìdí nìyí tí ilé náà fi wù mí. Irin gíga tí wọ́n máa ń to ẹ̀rọ tẹlifóònù sí àti àwọn bátìrì ńláńlá tó ń fún un ní iná 48 fóltì kò fúyẹ́ rárá, nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń da kọnkéré irú ilé bẹ́ẹ̀ nípọn, tí wọ́n sì ń gbé àjà rẹ̀ sókè. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá náà wúwo, bí ilẹ̀ tó dúró lé bá sì ń mì, àwọ̀ kan lè gun orí èkejì lára ìwé. Mo gbé ọwọ́ lé ògiri nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àní mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n lára. Kòtò tóóró tí okùn tẹlifóònù ń gbà wọlé ni wọ́n wá ń gba wáyà iná báyìí, kò sí wáyà kankan tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ kọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ wa gbà, ₦180,000 ni a san. Ọmọbìnrin tó to ọ̀rọ̀ náà fi àmì ohùn sí orúkọ gbogbo àwọn baálẹ̀ wa láìjẹ́ pé mo rán an létí, inú mi sì dùn sí i gidigidi.

Ibi ìgbàlejò nìkan ni wọ́n ti ṣe àṣìṣe. Wọ́n fi àjà tuntun bo àjà gíga ibẹ̀, wọ́n sì fi dí àwọn fèrèsé òkè tí ooru ń gbà jáde, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kọ́ ilé náà kò ṣèèṣì gbé wọn síbẹ̀. Wákàtí kan ni mo fi jókòó nínú òógùn. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá ibẹ̀, ó ní àwọn yóò tú àjà náà lẹ́yìn ọdún. Mo ń gbé kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ lọ ní oṣù kìíní, màá wo òkè.