Ìrù kẹ̀kẹ́ tí kì í jẹ́ kó dànù sẹ́yìn: èwo ni kí ẹ rà?

Bàbá mi kì í fẹ́ gbọ́ "kẹ̀kẹ́ arọ" sétí. "Kẹ̀kẹ́ mi" ló ń pè é, àwọn ọ̀pá méjì tó yọ sẹ́yìn nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ni ó sọ ní ìrù. Anti-tip ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: bí iwájú kẹ̀kẹ́ bá gbéra, kí ìrù kanlẹ̀ kí ìpàkọ́ ẹni tó jókòó tó kanlẹ̀.

Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, bíi bàbá mi, ló nílò rẹ̀ jù, nítorí ìwúwo ẹsẹ̀ wà lára ohun tó ń di iwájú kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ni èyí tí wọ́n ń tì bọ ẹnu páìpù kẹ̀kẹ́ tó ṣeé ká. Ó ní táyà wẹ́rẹ́ lẹ́nu, bọ́tìnì onísípíríǹgì ló sì ń dì í mú. Owó rẹ̀ kò ga, kò sì tètè bàjẹ́. Àtẹ̀gùn ni ọ̀tá rẹ̀. Kí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ tó lè gùn ún, ó gbọ́dọ̀ dà á sẹ́yìn díẹ̀, ìrù ò sì ní gbà fún un. Ni wọ́n á bá yọ ọ́, tàbí kí wọ́n yí táyà rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbàgbé. Èmi náà gbàgbé. Mo yọ ọ́ níwájú ilé ìwòsàn kan láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, bí a ṣe ń gun ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹnu ọ̀nà wa, iwájú kẹ̀kẹ́ dédé gbéra, orí bàbá sì bá orúnkún mi. Inú báàgì tí mo fi kọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni ìrù wà, òun gan-an tún ń bá wa fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn.

Irú kejì kì í kúrò lára kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́, á sì ká wọ abẹ́ àga. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, á padà sílẹ̀. Ara kẹ̀kẹ́ fífúyẹ́ ló pọ̀ sí, ó sì wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iyanrìn máa ń wọ ojú ìṣẹ́po rẹ̀; bí ẹ ò bá gbọ́ "kà" nígbà tó padà sílẹ̀, kò tíì dè. Àwọn kan ní ẹyọ kan ṣoṣo láàárín. Mi ò fẹ́ràn ìyẹn fún ilẹ̀ tó dagun.

Ní Halifax lórílẹ̀-èdè Kánádà, àwọn olùwádìí Yunifásítì Dalhousie ti dán ọ̀nà mìíràn wò: ìrù tó ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ dà sẹ́yìn dáadáa, kí olùtọ́jú lè gun àtẹ̀gùn láìyọ ọ́, síbẹ̀ tó máa gbé e dúró kó tó ṣubú. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, àmọ́ mi ò tíì rí i ní ṣọ́ọ̀bù kankan.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, gíga rẹ̀ ṣe pàtàkì ju irú rẹ̀ lọ. Kí oníkẹ̀kẹ́ jókòó, kí afẹ́fẹ́ kún táyà, kí ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín ìrù àti ilẹ̀. Bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5 dára. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ìrù lè gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ níbi kòtò tàbí etí gọ́tà, táyà ńlá á wà lófuurufú: bíréèkì ò ní mú, ọwọ́ ò sì ní lè wà á. Bó bá ga jù, kẹ̀kẹ́ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù kí ìrù tó kanlẹ̀. Kí ihò tí bọ́tìnì wọ̀ bára mu lọ́tùn-ún lósì.

Ẹ wọn ẹnu páìpù kí ẹ tó sanwó. Ìrù kẹ̀kẹ́ kan kì í sábà wọ òmíràn. Bí kò bá wọ̀, ẹ má gbé e lọ bá wẹ́dà. Iná tí wọ́n fi ń jó irin kì í mú àlùmíníọ̀mù dáadáa, ìrù tí wọ́n bá sì jó mọ́ ọn kò ní ṣeé ká lórí àtẹ̀gùn.

Kí ẹnì kan wá dúró sẹ́yìn, kí ó rọra gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè pẹ̀lú oníkẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀. Bí ìrù bá kanlẹ̀, kí ó dẹwọ́ díẹ̀díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ padà síwájú fúnra rẹ̀. Bó bá dúró síbẹ̀ láìpadà, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Irú kejì ni mo rà. Bàbá ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù.