Pátákó pélébé fún kíláàsì tí kì í dáhùn: àgbéyẹ̀wò

Pátákó funfun tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ju bébà A4 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, pẹ̀lú máàkà tó ṣeé nù àti àkísà. Olùkọ́ béèrè, gbogbo wọn kọ èsì, olùkọ́ ka "ẹ̀ta, èjì, ení", pátákó gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú "lẹ́ẹ̀kan náà" yẹn ni gbogbo agbára rẹ̀ wà.

Kíláàsì tí kẹ́kẹ́ máa ń pa mọ́ lẹ́nu kì í sábà jẹ́ kíláàsì olódo. Ọ̀pọ̀ wọn ti fi ọdún gbọọrọ jókòó lábẹ́ olùkọ́ tó ń sọ̀rọ̀ tí àwọn ń dà á kọ. Dídákẹ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń fọkàn sí ẹ̀kọ́. Olùkọ́ mìíràn wá wọlé, ó ní kí wọ́n máa jiyàn. Ta ni yóò kọ́kọ́ nawọ́? Ẹni tó bá ṣáájú ló máa kọ́kọ́ ṣì í lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Pátákó gbé ẹrù yẹn kúrò lórí ẹnì kan, ó pín in fún gbogbo wọn.

Ìbéèrè ló ń gbé e ró o. "Ṣé ó yé yín?" kò wúlò, "bẹ́ẹ̀ ni" ni wọn yóò kọ. Fi 3/8 àti 2/5 síwájú wọn, kí wọ́n kọ èyí tó tóbi jù. Ẹni tó kọ 3/8 ti fi ibi tó ti ṣìnà hàn ọ́: bí nọ́ńbà ṣe tóbi ló wò. Kí o sì dúró. Mary Budd Rowe, olùwádìí ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, ló fi hàn, ní àwọn ọdún 1970, pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ lẹ́yìn ìbéèrè, àti pé nígbà tí wọ́n dúró tó 3, èsì gùn sí i, àwọn tó ń dáhùn sì pọ̀ sí i. Ti kíkọ gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 ni mo máa ń kà sínú.

Bí ẹnì kan bá gbé tirẹ̀ sókè ṣáájú, àwọn tó yí i ká ti wò ó kọ nìyẹn. Kí pátákó máa wà ní ìdojúbolẹ̀ títí o fi ka "ení".

Máàkà tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín kò ṣeé kà láti iwájú kíláàsì. Má fi ẹnu máàkà sókè tí o bá ń tọ́jú rẹ̀; fi í lélẹ̀ gbọọrọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tàdáwà á sun sí ìdí. Èyí tó bá mọ́jú lórí pátákó kì í fẹ́ parẹ́: fi máàkà tútù kọ lé e lórí, kí o nù ún kíá, nítorí omi tàdáwà tuntun ló ń tú ti àná. Spírítì náà ń ṣe é. Pátákó olówó pọ́ọ́kú máa ń bó létí, tàdáwà á sì wọnú rẹ̀. Káàdì funfun nínú náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara sàn jù ú lọ.

Bí èrò bá pọ̀, fún ẹni méjì ní ẹyọ kan. Mo fẹ́ràn èyí fún àwọn onítìjú, torí wọ́n á ti fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹnì kan kí gbogbo kíláàsì tó rí i. Ó bá ọgbọ́n tí Frank Lyman, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1981 mu: dá rò, ẹ bá ara yín sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ síta.

Pátákó kò gba àlàyé gígùn. Ohun tó sì ń bà á jẹ́ jù ni kí olùkọ́ mú èsì tó kùnà, kó dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, pátákó òfìfo ni yóò máa rí. Sọ pé: "Mo rí èsì méjì. Kí ló lè mú kí ènìyàn yan ti àkọ́kọ́?" Ibẹ̀ ni ohùn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, torí èsì ni wọ́n ń jiyàn lé, kì í ṣe ẹni tó ni ín. Ní ìjókòó méjì àkọ́kọ́, ohun tí gbogbo wọn mọ̀ ni kí o máa béèrè, kí ọwọ́ wọn lè mọ́ ọn.