Oṣù mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọkàn àti èémí ìyá mi

Lẹ́yìn tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró dá ìyá mi dùbúlẹ̀, dókítà ní kí a máa fi ẹ̀rọ méjì ṣọ́ wọn nílé. Ọ̀kan rí pélébé, àyà ni a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ó sì ń ka bí ọkàn ṣe ń lù àti bí èémí ṣe ń lọ. Èkejì dà bí òrùka, ó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Orí fóònù mi ni iye tí wọ́n bá kà ń wọlé sí.

Ti àyà tẹ́ mi lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtè rẹ̀ máa ń mú kí ara yún wọn. Àgbàlagbà tó ń sinmi sábà máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìyá mi kì í kọjá 16 lójú oorun, ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ kan mo rí 22, ní òru kejì ó di 25, bẹ́ẹ̀ ara wọn kò gbóná, wọn kò sì ráhùn ohunkóhun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti gbé wọn dé ilé ìwòsàn; àìsàn náà ti ń padà bọ̀.

Òrùka ni ẹjọ́ mi wà lọ́rùn rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, 94 nínú 100 ló kọ, iye tí kò lè dẹ́rù ba ènìyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ní ọrùn ọwọ́ ìyá mi fi 87 hàn. Ìmọ́lẹ̀ pupa, àti òmíràn tí ojú kò lè rí, ni irú ẹ̀rọ yìí ń tàn gba inú ìka kọjá, kí ó lè mọ èyí tí ẹ̀jẹ̀ gbà dúró. Dúdú àwọ̀ ara náà a sì máa gbà lára rẹ̀, tí iye tó kọ fi lè ga ju òtítọ́ lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020 rí i pé àìtó ọ́síjìn tí ẹ̀rọ kò rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta lára àwọn aláìsàn aláwọ̀ dúdú bí a bá fi wé aláwọ̀ funfun. Ìwé ìlò tó bá òrùka wa wá kò sọ ọ̀rọ̀ yìí rárá, ó sì dùn mí gan-an. Ìka tútù àti ọ̀dà èékánná nìkan ló kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀.

A kò jù ú nù. Iye tó bá kọ lónìí ni mo ń fi wé ti àná, mo sì ń gbé ọwọ́ lé àyà ìyá mi lálaalẹ́, kí n fi ìṣẹ́jú kan gbáko ka èémí wọn fúnra mi.