Mo Sanwó Kí Wọ́n Mú Mi Fẹsẹ̀ Rin Ìsàlẹ̀ Èkó

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹsẹ̀ rin Ìsàlẹ̀ Èkó, ọjọ́ Àìkú ni kẹ́ ẹ lọ, kí amọ̀nà yín sì jẹ́ ọmọ àdúgbò. Ohun méjèèjì yìí ni kò jẹ́ kí owó tí mo san dùn mí. Lọ́jọ́ tí ọjà Balógun bá ṣí, ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú àti ẹrù orí alábàárù lẹ máa máa wò. Ta ló máa ráyè gbójú sókè? Bẹ́ẹ̀, òkè ni gbogbo ohun tó rẹwà níbẹ̀ wà: fèrèsé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òdòdó tí wọ́n fi símẹ́ǹtì gbẹ́.

Iwájú Kàtídírà Marina, tí wọ́n parí ní 1946, la ti pàdé. Ìsìn ń lọ lọ́wọ́, a ò wọlé. Ibẹ̀ ni amọ̀nà ti sọ fún wa pé etí omi gan-an ni Marina wà láyé àtijọ́. Wọ́n da yanrìn sínú ọ̀sà, wọ́n la títì lé e lórí, ni omi bá jìnnà sílé. Ìpolówó àwọn tó mú wa rìn sọ pé a máa rìn létí omi. Irọ́ ni. Abẹ́ bíríìjì, láàárín mọ́tò, la ti yọjú wo ọ̀sà, a sì yára kúrò níbẹ̀.

A ò pẹ́ ní Freedom Park. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ni tẹ́lẹ̀, Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Wọ́n wó o ní 1979, ó sì di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n ni àwọn olórin ti ń ṣeré báyìí. Ẹ má bínú, èmi ò lè jó níbẹ̀.

Ní Tinúbú, àwòrán inú fóònù ni amọ̀nà fi ṣàlàyé Ilojo Bar fún wa. Láti 1956 ni ìjọba ti kéde ilé yẹn pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án 2016. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ láàárín wa fún ìgbà díẹ̀.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ni mo gbádùn jù. 1894 ni wọ́n ṣí i. Mohammed Shitta, oníṣòwò tó jẹ́ Sàró, ìyẹn ìran àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, ló fowó ara rẹ̀ kọ́ ọ. João Baptista da Costa, kọ́lékọ́lé ọmọ Àgùdà, ìyẹn ìran àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíl padà wálé, ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Súlútáànì ilẹ̀ Tọ́kì ló sì fún Shitta ní oyè Bey. Owó Sàró, ọwọ́ Àgùdà, oyè Tọ́kì, gbogbo rẹ̀ pàdé ní Martins Street. Kí wọ́n tó ní ká máa bọ̀, mo ti yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

Pópó Àgùdà ni mo ti rí iṣẹ́ tí amọ̀nà ń ṣe. Bí mo ṣe yọ fóònù sí ilé kan báyìí, àwọn ọmọkùnrin kan ti dìde, wọ́n ń béèrè ta ló ní ká máa ya àwòrán. Amọ̀nà ò dá wọn lóhùn. Ọ̀dọ̀ bàbá tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ló lọ dọ̀bálẹ̀ sí.

"Ẹ kú ilé o, bàbá. Ilé yín ni wọ́n wá wò."

"Ilé wa? Kí wọ́n máa bọ̀, jàre."

Bàbá wọlé, ó gbé fọ́tò àwọn bàbá ńlá rẹ̀ jáde, ó ń tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọkùnrin yẹn padà jókòó. Owó kankan ò lè ra ìyẹn fún àlejò tó dá wá.

Ní Kakawa Street, a dúró níwájú Water House, ilé João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl tó sì padà wálé. Kànga àgbàlá wọn ni wọ́n ti ń ta omi fún ará Èkó kí omi ẹ̀rọ tó dé. Omi yí ìlú ká, wọ́n sì ń ra omi mu! Èmi náà ra piọ wọ́tà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi wà lára ohun tí wọ́n ṣèlérí fún owó wa.

Àwọn tó mú wa rìn ní àtúnṣe láti ṣe. A ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgà Ìdúńgànràn, ààfin ọba gan-an, ìta lásán la ti wò ó, nígbà tí ẹsẹ̀ ti ń ro gbogbo wa. Àárọ̀ ló yẹ kí wọ́n mú wa débẹ̀.

Ẹni tó bá jẹ́ pé orí bíríìjì nìkan ló ti ń wo Èkó, kó sanwó náà. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kó bẹ ọ̀kan nínú wọn kó mú òun kiri, kó sì ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un.