Mo gbé Firefox mi gòkè: ohun tó bá mi lọ àti ohun tó kù sẹ́yìn

Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ gba èyí lọ: ẹ lè sọ Firefox, bíráwúsà tẹ́ ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, di tuntun kí bookmark, password, add-on (àwọn ètò kékeré tẹ́ ẹ fi kún un) àti gbogbo bí ẹ ṣe tò ó má sì yingin. Lórí kọ̀ǹpútà kan náà, kò le rárá. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń kó láti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ohun tí kò yẹ kó sọnù. Nínú máàkì márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin. Ẹ̀yin tó fẹ́ mọ ibi tí ẹyọ kan yẹn wọlẹ̀ sí, ẹ fìdí balẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Agbowó, òdìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn. A ń tẹ projẹ́ẹ̀tì, a ń tẹ NIN síta, a ń báwọn ọmọ wo èsì JAMB, a ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Kọ̀ǹpútà tí èmi fúnra mi ń lò, tòkunbọ̀ ni, Windows 7 ló sì wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ Windows 7. Chrome bá a dé ẹ̀yà 109, ó ní òun ò lọ mọ́. Firefox ló ṣì ṣojú àánú sí wa: ẹ̀yà 115, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ESR, tí kì í tètè yí ẹ̀yà padà, tí wọ́n sì ń tún ààbò rẹ̀ ṣe fún ìgbà pípẹ́, jáde lóṣù Keje ọdún 2023, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 7, Mozilla sì ti sún ọjọ́ tí wọ́n máa pa á tì síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òun ni mò ń lò títí mo fi ra laptop tó ní Windows 10, tó wá di pé kí n kó ẹrù mi lọ síbẹ̀.

Ẹrù wo? Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Èyí tó ká mi lára jù kì í ṣe bookmark, ìwé ọ̀rọ̀ mi ni. Tí ẹ bá ń tẹ orúkọ Yorùbá sínú fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Firefox á fa ìlà pupa sí i nídìí. Adéṣọlá, pupa. Ògúnṣínà, pupa. Olúwafúnmiláyọ̀, pupa gbalaja láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí gbogbo orúkọ tó wà lójú fọ́ọ̀mù bá ti ní ìlà pupa, ojú ẹni kì í rí èyí tó ṣì ní tòótọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá ṣì nínú orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, ó di kóòtù, ó di ìwé ìbúra, ó di owó. Torí náà, ọjọ́ pẹ́ tí mo ti máa ń tẹ ọ̀tún máùsì lórí orúkọ tí mo bá mọ̀ pé ó tọ̀nà, kí n sì yan "Add to Dictionary". Díẹ̀díẹ̀, bíráwúsà yẹn ti mọ orúkọ ju àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ. Gbogbo rẹ̀ wà nínú fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ persdict.dat. Ẹ lè fi Notepad ṣí i, ẹ ó rí orúkọ kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Èmi máa ń ṣí i nígbà míì, kí n kàn máa kà á.

Fọ́ǹtì ló tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Linguistics and African Languages máa ń gbé iṣẹ́ tó kún fún àmì ohùn wá, fọ́ǹtì tí kò bá dáa á sì máa gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà dípò kó gbé e lé e lórí. Mo ti tò ó sí Noto Serif, mi ò sì fẹ́ tún un tò. Lẹ́yìn fọ́ǹtì ni uBlock Origin, add-on tó ń dínà ìpolówó. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025 tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ti gbà káwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó 50% kún owó wọn, èmi ò rí ẹni tó yẹ kó máa fi dátà òun wo fídíò ìpolówó tí kò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi hàn án.

Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní ìmọ̀ràn kan: "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó update o, ó máa kó add-on yín jẹ." Wọn ò kúkú parọ́ tán. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2017 tí Firefox 57 jáde, gbogbo add-on tí wọ́n kọ nílànà àtijọ́ ló kú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan tún tiwọn kọ, àwọn míì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2019, ìwé ẹ̀rí kan tí Firefox fi ń mọ add-on tó jẹ́ ojúlówó kọjá ọjọ́ rẹ̀, add-on sì dákú káàkiri ayé títí Mozilla fi ṣe àtúnṣe. Ẹni tó bá rántí ìyẹn á bẹ̀rù, kò burú.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Ìwé ẹ̀rí mìíràn tún parí lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2025, Mozilla sì ti kéde ṣáájú pé Firefox tí kò bá tíì dé 128, tàbí ESR tí kò bá tíì dé 115.13, àwọn add-on rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ ò rí ọ̀rọ̀? Ẹni tó kọ̀ tí kò update nítorí add-on, add-on ló wá kọ̀ ọ́. Ẹ sì jẹ́ n fi èyí kún un fún àwọn tó ń sọ pé kí n kúkú máa bọ̀ ní Chrome: láàárín ọdún 2024 sí 2025 ni Chrome yọ uBlock Origin gidi kúrò nílẹ̀, ó ku aláìlágbára tí wọ́n ń pè ní Lite. Lórí Firefox, gidi rẹ̀ ṣì wà.

Ìdí tí ẹrù yín kì í fi í sọnù ni pé òun àti Firefox fúnra rẹ̀ kì í gbé yàrá kan náà. Firefox wà nínú Program Files. Ẹrù yín wà nínú fódà mìíràn lábẹ́ AppData, profile ni wọ́n ń pè é. Bíi télọ̀ ni: ó lè kó ṣọ́ọ̀bù, ó lè ra ẹ̀rọ tuntun, bí ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Nínú fódà yìí, bookmark àti ibi tí ẹ ti dé rí wà nínú places.sqlite, password wà nínú logins.json, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú key4.db, ọ̀kan ò wúlò láìsí èkejì. Bí ẹ ṣe tò ó wà nínú prefs.js.

Torí náà, lórí kọ̀ǹpútà kan náà: ẹ lọ sí Help, ẹ tẹ About Firefox, ẹ jẹ́ kó wá ẹ̀yà tuntun, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ní kẹ́ ẹ tún un ṣí. Ó tán. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé àlọ ni, kò sí àbọ̀. Láti ẹ̀yà 67, ọdún 2019, bí Firefox tuntun bá ti lo profile kan, tẹ́ ẹ wá fi Firefox àtijọ́ ṣí i, á kọ̀ fún yín, á ní kẹ́ ẹ dá profile mìíràn. Ó ń dáàbò bo ẹrù yín ni, àmọ́ bí ẹni tí kò mọ̀ bá pàdé rẹ̀, àyà rẹ̀ á já.

Láti kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà, ohun tí mo ṣe nìyí. Lórí ti àtijọ́, mo tẹ about:support síbi àdírẹ́sì, mo wá ibi tó kọ Profile Folder sí, mo tẹ Open Folder. Lẹ́yìn náà mo pa Firefox pátápátá kí n tó dáwọ́ lé ohunkóhun, torí pé bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ lè kó fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́. Mo da gbogbo inú fódà náà sórí fláàṣì. Lórí laptop tuntun, mo fi Firefox sí i, mo ṣí i lẹ́ẹ̀kan kó lè dá profile tirẹ̀, mo wá fódà yẹn lọ́nà kan náà, mo pa á, mo sì da ẹrù mi lé orí tirẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó o. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé fódà extensions nìkan ni wọ́n máa ń mú, torí pé orúkọ rẹ̀ jọ add-on. Add-on á dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ti tò sínú rẹ̀ ò ní bá a dé, torí pé nọ́ńbà tí Firefox fi ń so add-on kọ̀ọ̀kan mọ́ ohun tó fi pamọ́ wà nínú prefs.js.

Nígbà tí mo ṣí i, bookmark mi wà bí mo ṣe tò ó, fọ́ǹtì wà, uBlock jókòó sígun rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àlẹ̀mọ́ òfin tí mo kọ fún un. Mo tẹ Ògúnṣínà. Kò sí pupa. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kó wá wò ó, ó ní, "Ẹ kú oríire, mà," bíi pé mo bímọ.

Kì í ṣe pé ohun gbogbo ló bá mi dé o. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìtẹ̀wé mi, ìyẹn bébà A4 àti àyè ẹ̀gbẹ́, orúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni Firefox so ó mọ́. Nígbà tí orúkọ yẹn yí padà lórí laptop tuntun, mo tún un tò. Fódà tí nǹkan tí mo bá gbà sílẹ̀ ń lọ náà, mo tún un yàn. Ìyẹn ò tó nǹkan.

Ó ní àwọn tó ń sunkún lórí ohun tí kò sọnù. Ọmọ kan gbé laptop rẹ̀ wá, ojú ti pọ́n: "Àǹtí, gbogbo password mi ti lọ." Kò lọ síbì kankan. Ó fi ESR sẹ́gbẹ̀ẹ́ Firefox tó ti ní tẹ́lẹ̀, láti ẹ̀yà 67 sì ni Firefox kọ̀ọ̀kan ti ń ní profile tirẹ̀, kí wọ́n má bàa jà. Mo tẹ about:profiles fún un, ti àtijọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ láìyẹsẹ̀. Mo tẹ "Set as default profile". Ó fẹ́ sanwó, mo ní kó fi ra ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Bọ́tìnnì tí mo kórìíra ni Refresh Firefox. Bí bíráwúsà bá ti fà díẹ̀, òun làwọn alátùn-únṣe kọ́kọ́ ń tẹ̀. Á dá bookmark àti password sí, ṣùgbọ́n á yọ add-on, á sì dá ọ̀pọ̀ nǹkan tẹ́ ẹ tò padà sí bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ fún yín, ẹ wo desktop yín: fódà kan á wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Old Firefox Data. Ẹ má pa á rẹ́.

Máàkì kan tó kù wá ńkọ́? Sync ló jẹ ẹ́, ìyẹn ètò Firefox tó ń fi àkáǹtì kan so ẹ̀rọ yín pọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún fóònù, ó ń gbé bookmark, password àti ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ káàkiri. Àmọ́ gbogbo èèyàn rò pé ibi ìpamọ́ ni, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Add-on á dé, inú rẹ̀ á sábà ṣófo. uBlock ní bọ́tìnnì tirẹ̀ tẹ́ ẹ fi lè tọ́jú òfin yín sínú fáìlì, òun ni kẹ́ ẹ lò. Persdict.dat kò bá Sync lọ rárá. Èyí tó wá le jù: torí pé wọ́n ti ti ẹrù yín pa mọ́ débi pé Mozilla fúnra rẹ̀ ò lè kà á, bí ẹ bá gbàgbé password àkáǹtì náà tẹ́ ẹ sì yí i padà láìní recovery key, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń gba ẹrù padà, lọ́wọ́, ohun tó wà lórí sáfà wọn á parẹ́. Ó bọ́gbọ́n mu fún ààbò. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó yẹ kí Firefox máa sọ ọ́ ketekete fún èèyàn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tan Sync, kó sì to àwọn ohun tí kò ní gbé lẹ́sẹẹsẹ.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà nìyí, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù: fódà profile tí mo ní kẹ́ ẹ dà sórí fláàṣì yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá rí i lè ṣí gbogbo password yín, àyàfi tẹ́ ẹ bá ti fi Primary Password, password kan tó ń ti gbogbo ìyókù pa, sí i. Ẹ fi sí i kẹ́ ẹ tó kó o. Fláàṣì tẹ́ ẹ lò, ẹ má fi tẹ projẹ́ẹ̀tì ọmọ kankan.

Ti dátà: ìnsítọ́ọ̀là kékeré tó kọ́kọ́ hàn lójú ìwé wọn á tún lọ wa èyí tó kù láti íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Odindi rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fi fláàṣì pín in yíká ṣọ́ọ̀bù. Nínú Settings, mo ti yàn án pé kó máa sọ fún mi bí ẹ̀yà tuntun bá dé, kó má dá a gbé sí i fúnra rẹ̀ nígbà tí oníbàárà ń tẹ fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé oṣù kọ̀ọ̀kan ni Firefox lásán ń yí ẹ̀yà padà. Irú Firefox lásán yìí ni mo fi sórí laptop tèmi. Lórí kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà, ESR ni mo fi sílẹ̀, àwọn Windows 7 tó kù sì ṣì wà lórí 115 títí Mozilla á fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti kó profile wọn sórí fláàṣì ọ̀tọ̀, mo lẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn.