Land Cruiser 80 àtijọ́: ibi tó yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra Land Cruiser 80 tí wọ́n ti pa tì, òkè ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń náwó sí: irin ìkẹ́rù, àgọ́ orí ọkọ̀, iná ńláńlá. Ọkọ̀ náà á rẹwà títí di ọjọ́ tí omi inú ẹ́ńjìnnì bá jò tán lórí òkè. Ọkọ̀ tí Toyota gbé jáde ní 1990 yìí tó ẹni tí à ń ṣe wàhálà fún. Áàsì rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn jẹ́ irin gbọọrọ kan, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jókòó lórí sípíríìnì onílílọ́, ṣáàsí rẹ̀ sì nípọn. Ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ ní ètò. Ẹni tó bá da ètò náà rú, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa sanwó.

Páànù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹ wo abẹ́ rọ́bà gíláàsì iwájú, gọ́tà òrùlé, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àti igun tó wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, ó ṣeé ṣe kí omi máa gba abẹ́ gíláàsì wọlé. Ibi tí ọ̀dà bá ti wú, ẹ fi sukudiréfà gún un. Bó bá wọlé, wẹ́dà ni ibẹ̀ ń fẹ́: kí ó gé èyí tó ti jẹrà dànù títí dé irin tó mọ́, kí ó jó páànù tuntun mọ́ ọn. Pọ́tì tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ojú ìpẹtà kì í pẹ́ wú padà.

Bí ọkọ̀ náà bá ti pẹ́ tó ti dúró, ẹ má kàn fi kọ́kọ́rọ́ sí i kí ẹ sì tá a. Ẹ fa epo àtijọ́ jáde nínú táńkì, ẹ pààrọ̀ fílítà, kí ẹ fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ní ìyípo méjì láti iwájú. Ẹ́ńjìnnì dísù 1HZ àti 1HD-T ń lo bẹ́ẹ̀lìtì tàìmìn, tí wọ́n ń pààrọ̀ ní kìlómítà 100,000. Bí kò bá sí ẹni tó mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó dé ojú títì, nítorí bó bá já, fáàfù àti písítìnì á kọlu ara wọn. 1HD-T àkọ́kọ́ tún ní àléébù kan: bẹ́árìn connecting rod, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé agbára písítìnì sọ̀kalẹ̀, ń tètè jẹ. Ẹ yọ àwo ọ́ìlì kí ẹ wò ó. 1HZ le bí òkúta, àmọ́ kì í sáré, ẹ má sì dédé kan tọ́bò mọ́ ọn: orí rẹ̀ lè là. 1FZ-FE oní-pẹtiróòlù, lítà 4.5, ṣéènì ló ní. Epo ló ń mu bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ooru ló ń pa 1FZ-FE yìí, kì í ṣe ọjọ́ orí. Họ́ọ̀sì kúkúrú kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tó ń gbé omi lọ sí hítà. Ojú kì í tètè rí i, agbára káká lọwọ́ fi ń dé ibẹ̀, nítorí náà èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lára ọ̀pọ̀. Bó bá bẹ́ lójú ọ̀nà, omi á gbẹ kí awakọ̀ tó fura, torí ọwọ́ gééjì rẹ̀ kì í tètè gbéra kúrò láàárín. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló máa ń bá a lọ, pàápàá lápá síńdà kẹfà. Họ́ọ̀sì sílíkónì ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ àwọn yòókù pẹ̀lú, kí ẹ sì fọ ẹrẹ̀ tó há sáàárín rédíétọ̀ àti ti ẹ̀rọ amúlétutù. Fáànù náà ní ọ́ìlì sílíkónì nínú. Bó bá ń yí wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni áàsì iwájú. Lẹ́yìn táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù irin kan wà tí mẹkáníìkì ń pè ní knuckle. Inú gíríìsì oní-moly (gíríìsì dúdú fún irin tó ń ru ẹrù wúwo) tó wà níbẹ̀ ni birfield, oríkèé irin tó ń gbé agbára dé táyà, ti ń yí táyà. Síìlì kan ló ń dá ọ́ìlì differential, ìyẹn gíà àárín áàsì tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, dúró. Bó bá gbó, ọ́ìlì á pò mọ́ gíríìsì, á di ọbẹ̀ dúdú, á sì ṣàn sínú ríìmù. Ẹ fi jáàkì gbé táyà, ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ mì í. Bó bá ń mì, bẹ́árìn ti tú. Ẹ yí sítíárì dé òpin kí ẹ rọra tẹná. Bó bá ń dún tá-tá-tá, birfield ti ń jẹ. Kò tíì di àjùsílẹ̀: bí ẹ bá gbé ti ọ̀tún sí òsì, tí ẹ gbé ti òsì sí ọ̀tún, ojú tí kò tíì jẹ ni á máa gba agbára. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 54 mm ló ń tú nọ́ọ̀tì ńlá inú hub, ìyẹn irin àárín tí wọ́n ń de táyà mọ́. Ọ̀pá idẹ ni kí ẹ fi lu àwọn wáṣà onísọnsọ kí wọ́n lè tú, torí hámà lásán á ba tírẹ́ẹ̀dì jẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Gíríìsì tó bá gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin knuckle ti tó.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì gíà àti differential, ẹ kọ́kọ́ tú bóòtì ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ sí. Bí ẹ bá ti fa ọ́ìlì jáde tán kí ẹ tó rí i pé ti òkè kọ̀ láti tú, ọkọ̀ kò lè lọ mọ́. Ọ́ìlì tó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ ibẹ̀.

Ẹ má gbé ọkọ̀ yìí sókè ju mílímítà 50 lọ bí ẹ bá ń wà á lójoojúmọ́. Mílímítà 50 yìí gan-an á mú kó máa rìn ségesège bí ẹ kò bá tún caster ṣe, ìyẹn bí ìdúró táyà iwájú ṣe dagun sẹ́yìn. Fáàfù kan lórí áàsì ẹ̀yìn sì ń fi gíga ọkọ̀ mọ ẹrù tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá tún un tò, á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù. Táyà tó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, ẹ jù ú nù bó tilẹ̀ nípọn; nọ́ńbà 2314 lára rẹ̀ túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014.

Fún ìpàgọ́, ẹ yọ àga ẹ̀yìn pátápátá, kí ẹ fi pákó plywood mílímítà 12 ṣe ibùsùn. Fíríìjì kékeré fẹ́ bátìrì tirẹ̀: AGM (bátìrì òjé tí wọ́n dé pa) 100 Ah, tí ẹ kò ní jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, pẹ̀lú fíúùsì nítòsí bátìrì méjèèjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ lítíọ́mù lẹ fẹ́, inú ọkọ̀ ni kó wà, torí ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì á bà á jẹ́.