Àwo orin Bach tí Menuhin àti ọ̀gá rẹ̀ jọ ta ní 1932

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra orin yìí. Ti àkọ́kọ́ dùn mí, nítorí ẹni tó tún un ṣe fi kọ̀ǹpútà fọ ariwo àwo àtijọ́ náà títí tó fi fọ ohùn fáyólìn mọ́ ọn. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fi ìrọ̀rí bo akọrin lẹ́nu. Ẹ̀dà kejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi ariwo ṣàà-ṣàà rẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí etí yín á fi gbàgbé rẹ̀.

Johann Sebastian Bach ló kọ orin náà fún fáyólìn méjì àti ọ̀kẹ́sírà. Ìlú Paris ni wọ́n ti ká a sórí àwo ní oṣù kẹfà ọdún 1932, Pierre Monteux ló darí rẹ̀. Yehudi Menuhin, ọmọ ọdún 16 péré, ló ta fáyólìn kìíní. George Enescu, ọmọ ilẹ̀ Romania, ẹni 50 ọdún, ló ta ìkejì. Láti 1927 ni ọmọ yìí ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí apá kejì, èyí tó falẹ̀, ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fáyólìn kejì ló kọ́kọ́ wọlé níbẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀gá ló dá orin. Nígbà tí ọmọ wọlé, kì í ṣe ègbè ló gbè: orin kan náà ló tún dá, ó kàn gbé e sókè ni. Ohùn Enescu ki díẹ̀, bí ohùn àgbà tó ń sọ̀rọ̀ lálẹ́. Ti Menuhin mọ́ gaara. Bí ọ̀kan bá di ohùn gígùn mú, èkejì á máa rìn lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà wọn á pààrọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ borí ẹnì kejì. Wọ́n máa ń fa ìka láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó bá mọ gòjé inú sákárà kò ní ṣàjèjì sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta Bach lóde òní kì í fà á báyìí mọ́, wọ́n sì máa ń yára jù èyí lọ. Mo ń gbọ́ tiwọn náà, àmọ́ èyí ni mo máa ń padà sí.

Ọ̀kẹ́sírà jìnnà, òótọ́ ni, ìró ìsàlẹ̀ sì máa ń dàpọ̀ mọ́ra ní apá kìíní.

Ojú àwo ìgbà náà kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 sí 5 lọ, nítorí náà wọ́n ní láti dá apá kejì dúró láàárín kí wọ́n tó yí àwo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ẹ̀dà yìí kí n tó mọ ibi tí wọ́n ti so ojú àwo méjèèjì pọ̀: ariwo ṣàà-ṣàà yẹn ló yí padà díẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, apá kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Tí ẹ kò bá gbọ́ bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta fáyólìn ṣe ń kan okùn nígbà tí Enescu wọlé, ẹ wá ẹ̀dà mìíràn.